Ọ̀wẹ̀ Ni, Àbí Ẹ̀kọ́ṣẹ́? Èrò Mi Lórí Fíìmù Àtúnkàn Ọkọ̀ Tally Ho

Obìnrin kan tí mo kọ́ ní yunifásítì ní nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn pè mí lórí fóònù láti Lọ́ńdọ̀nù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ó kí mi, ó béèrè àlàáfíà ìyá ilé, ó béèrè eékún mi tó ń dùn mí, ó wá ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ máa bá àwọn kan tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Wọn ò ní sanwó fún un o, sà! Ó ní tí àwọn bá tún un ṣe tán, àwọn á jọ wọ inú ẹ̀, ó di ojú òkun." Mo ní, "Irú ọkọ̀ wo ni?" Ó ní, "Ọkọ̀ onígi ni, sà. Ó ti gbó." Mo rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ kò dùn sí ẹ̀rín náà, mo sì mọ̀. Ni mo bá ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Mo pe ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, kò sì tíì ríṣẹ́. Mo bi í pé ta ló fi irú èrò yìí sí i lórí. Ó ní, "Bàbá, ẹ lọ wo Tally Ho lórí YouTube kẹ́ ẹ tó bá mi wí." Ọ̀rọ̀ rere ni. Ẹni tí kò ka ìwé kò gbọdọ̀ dá ìwé lẹ́jọ́, mo sì ti pariwo gbólóhùn yẹn sétí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó. Mo jókòó tì í. Fíìmù náà lé ní ọgọ́rùn-ún apá, n kò lè parọ́ pé mo wo gbogbo rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n mo wo èyí tó pọ̀ tó láti lè sọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín, nítorí mo rò pé iṣẹ́ tó yẹ kí ẹni tó ń ṣe lámèyítọ́ fi ojú pàtàkì wò ni, kì í ṣe ohun tí a kàn ń fi pa àkókò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn ọkọ̀ náà. Albert Strange, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n kàn án ní ìlú Shoreham ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1910. Betty ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Nígbà tó máa di ọdún 1927, orúkọ rẹ̀ ti di Tally Ho, olówó kan tó ń jẹ́ Lord Stalbridge ló sì ni ín. Ọdún yẹn ló bá wọn díje nínú eré Fastnet, eré ọkọ̀ onígbòkun tí wọ́n máa ń sá láti gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ yí àpáta kan po ní gúúsù Ireland. Ìjì burúkú jà lọ́dún náà. Àwọn ọkọ̀ yòókù ṣẹ́rí padà, wọ́n sá wọ èbúté. Méjì péré ló parí eré náà. La Goleta ló kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò tí wọ́n máa ń ṣe láti fi ọkọ̀ ńlá àti ọkọ̀ kékeré sí orí òṣùwọ̀n kan náà, Tally Ho ló gba ipò kìíní.

Ọkọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀ jà, ibi tó parí sí báni lọ́kàn jẹ́. Ó ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ti òmíràn, ó dé òkun Pàsífíìkì, ó gun orí òkúta iyùn ní erékùṣù Manihiki, wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì tún fi ṣiṣẹ́ apẹja. Nígbẹ̀yìn, wọ́n pa á tì sí èbúté Brookings ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà. Òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, igi rẹ̀ ń jẹrà. Ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ Albert Strange ló ń wá ẹni tí yóò gbà á là. Ní ọdún 2017, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń kan ọkọ̀, Leo Sampson Goolden, gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó ti tún ọkọ̀ kékeré kan ṣe rí tó sì fi la òkun Àtìláńtíìkì kọjá, nítorí náà kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó gbé òkú ọkọ̀ náà lọ sí Sequim ní ìpínlẹ̀ Washington, ó ta àgọ́ lé e lórí, ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan wọ́n gbé e lọ sí Port Townsend. Ọdún 2024 ni ọkọ̀ náà tó tún fẹnu kan omi. Ọdún méje gbáko.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ yìn nínú fíìmù yìí ni pé kò sá fún iṣẹ́. Àwọn fíìmù tí a sábà ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, wọ́n á fi àlàpà hàn ọ́, wọ́n á fi orin sí i, ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà ilé ti di ààfin. Irọ́ ni. Níhìn-ín, o lè wo apá kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó jẹ́ pé pákó kan ṣoṣo ni wọ́n rí gbé sí àyè rẹ̀. O máa rí bí wọ́n ṣe ń wọn igi, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n ń gbé e wò, tí kò bá a mu, tí wọ́n tún gbé e sọ̀kalẹ̀. Igi ìsàlẹ̀ ọkọ̀, èyí tó dà bí ọ̀pá ẹ̀yìn fún ènìyàn, igi purpleheart ni wọ́n fi ṣe é, igi elésè-àlùkò tó le bí irin. Àwọn egungun ìhà rẹ̀ jẹ́ live oak, igi wíwọ́ tí wọ́n ń wá ẹ̀ka tó ti wọ́ láti inú igbó wá, kí agbára igi náà lè bá ìwọ́ ọkọ̀ lọ. Mo ti ń sọ fún ènìyàn láti ọjọ́ yìí pé ìmọ̀ wà nínú ọwọ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Fíìmù yìí fi hàn ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Òdídẹrẹ́ ńlá kan tiẹ̀ wà nínú ọgbà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Sequim, Pancho ni wọ́n ń pè é. Yóò bà lé èjìká ènìyàn, yóò já nǹkan gbà, yóò pariwo nígbà tí ọ̀gá ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pàtàkì. Ọmọ-ọmọ mi tó bá mi wo díẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀, Pancho nìkan ló ń béèrè. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ẹni tó ṣe fíìmù yìí mọ ohun tí àwọn apàlọ́ wa mọ̀: bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, fi ẹyẹ sí i.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ àwọn tó wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, torí ibẹ̀ ni ìjà ìyá àti ọmọ wà.

Láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni kan kò lè dá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn wo fíìmù náà nílé wọn, wọ́n kọ̀wé, wọ́n sì wá. Àwọn kan lo ọjọ́ díẹ̀, àwọn kan lo oṣù. Wọ́n há igi, wọ́n po gọ́ọ̀mù, wọ́n gbá ilẹ̀, wọ́n di òpin pákó kejì mú. Nígbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn aláwòran, wọ́n gba àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń sanwó fún. Nígbà tí ọkọ̀ sì bọ́ sómi, lára àwọn tó ti lo ara wọn lórí ilẹ̀ ni a rí tí wọ́n ń fa okùn ìgbòkun lórí rẹ̀. Ohun tó wu ọmọ wa nìyẹn: kí ó ti ibi ìhágigi bọ́ sí ibi ìfakùn.

Báwo ni kí a pe irú iṣẹ́ yìí? Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un, ó parí. Yorùbá kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwa a máa ya iṣẹ́ tí a kò fi owó san sí oríṣiríṣi, N. A. Fadipe sì ti kọ̀wé lé wọn lórí nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tó ṣe ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970. Mo fẹ́ fi àwọn ọ̀rọ̀ wa wọ̀nyí wo ọkọ̀ òyìnbó, ká wo èyí tó máa bá a mu.

Ṣé àáró ni? Rárá. Nínú àáró, bí mo bá bá ọ roko lónìí, o máa wá bá mi ro tèmi lọ́la. Ojúgbà ni wá, gbèsè la jọ ń jẹ ara wa. Ọ̀gbẹ́ni Leo kò lè lọ sí ilé gbogbo ẹni tó há igi fún un kó lọ bá wọn kan ọkọ̀ tiwọn. Kò tiẹ̀ ṣèlérí bẹ́ẹ̀.

Ṣé ọ̀wẹ̀ ni? Èyí sún mọ́ ọn. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló já lé e lórí. Ó ké sí ará, ó sè, ó pọn, wọ́n bá a ṣe é, kò sì sí ẹni tí yóò mú ìwé jáde láti ṣírò ohun tó jẹ ẹ́. Ìdùnnú tó wà lójú àwọn tó wà nínú fíìmù náà, ẹ̀fẹ̀ wọn, oúnjẹ ọ̀sán wọn, ọ̀wẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ jọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọ̀wẹ̀ kì í ju ọjọ́ kan sí méjì lọ. Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ọdún méje, àwọn ará àdúgbò á ti pe ìpàdé lé e lórí!

Ìwọ̀fà ńkọ́? Ìyá ọmọ náà kò pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ìwọ̀fà a máa ṣiṣẹ́ lórí gbèsè, iṣẹ́ náà sì jẹ́ èlé owó. Kò dín ojú owó kù rárá. Mo sọ fún un pé kí ó fọkàn balẹ̀, kò sí gbèsè níhìn-ín, ẹnu ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá sú lè lọ ní àárọ̀ ọ̀la. Síbẹ̀ n kò fi ìbẹ̀rù rẹ̀ ṣẹ̀sín. Bí wọ́n bá sọ fún ọ̀dọ́ kan pé bó bá ṣe é dáadáa, àyè lè wà fún un nínú ọkọ̀, ìlérí tí kò ní ọjọ́, tí kò sì ní ìwé yẹn lè so ènìyàn mọ́lẹ̀ ju okùn lọ.

Ó kù ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ a máa gbálẹ̀, a máa gbé irinṣẹ́, a máa gba ìbáwí, ọ̀gá a sì máa fi iṣẹ́ hàn án. Gbogbo èyí wà nínú fíìmù náà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni fírídọ̀mù. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ gbòmìnira, àwùjọ á pé, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbé ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́, ayé á mọ̀ pé telọ̀ ni tàbí mẹkáníìkì. Kí ni ẹni tó há igi fún oṣù mẹ́ta ń mú lọ sílé? Ìmọ̀ ni, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ kò ju fíìmù lọ, ó dọwọ́ ẹni tó gé fíìmù náà bóyá ojú rẹ ṣì wà níbẹ̀.

Níbi yìí ni mo ti rò pé a gbọ́dọ̀ ronú dáadáa. Kámẹ́rà ti yí ọ̀wẹ̀ padà. Láyé àtijọ́, ẹni mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀: ẹni tó bẹ̀ ẹ́, àwọn tó wá, àti oko. Nísinsìnyí, ẹnì kẹrin ti wọlé, òun ni aláwòran. Aláwòran ló ń dá owó tí wọ́n fi ra igi. Èyí já sí pé ẹni tó bá wá há igi lọ́fẹ̀ẹ́, iṣẹ́ méjì ló ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó há igi, ó sì di àwòrán tí wọ́n ń wò. Àwòrán náà ló mú owó wá, owó náà ló san owó iṣẹ́ ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn tó wá mọ̀ pé kámẹ́rà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn tiẹ̀ wá nítorí kámẹ́rà ni. Mo kàn ń sọ pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wa mẹ́rin tó gba irú èyí mọ́ra, a sì ní láti wá òmíràn. Títí a ó fi rí i, kí ẹni tó bá ń lọ ṣe é mọ̀ pé ohun tí òun ń fi sílẹ̀ ju òógùn lọ.

Àríwísí mi kejì dá lórí ohùn. Ta ló ń sọ ìtàn náà? Ọ̀gá ni. Ọkọ̀ tirẹ̀ ni, kámẹ́rà tirẹ̀ ni, ohùn tirẹ̀ ni a ń gbọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa, ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, kò ga. Ṣùgbọ́n ìtàn ọkọ̀ láti ẹnu ọ̀gá ọkọ̀, ìlàjì ìtàn ni.

Ẹ fi wé ìwé tí Eric Newby kọ, The Last Grain Race, tó jáde ní 1956. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Newby nígbà tó fi iṣẹ́ ilé ìpolówó ọjà ní Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ ní 1938, tó sì lọ wọ ọkọ̀ Moshulu, ọkọ̀ onírin olópòó mẹ́rin tí Gustaf Erikson, ará erékùṣù Åland, ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ náà ló sanwó kí wọ́n tó gbà á? Àádọ́ta pọ́n-ùn ni owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà. Ọjọ́ tó dé inú ọkọ̀ náà ní èbúté Belfast, bàtà ìgboro ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi ní kó gun orí òpó. Kí ọkọ̀ tó ṣí, iṣẹ́ ẹlẹ́gbin ni wọ́n fi wọ́n ṣe, irú iṣẹ́ tí àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe máa ń ṣe gan-an. Wọ́n lọ sí Ọsirélíà, wọ́n kó àlìkámà, ọkọ̀ náà sì padà dé èbúté Queenstown ní Ireland ní ọdún 1939 lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ó yára ju gbogbo àwọn ọkọ̀ tí wọ́n jọ kó ọkà lọ́dún náà lọ.

Ohun tó mú kí ìwé Newby dùn ni pé ẹni ìsàlẹ̀ ló kọ ọ́. Ó sọ bí ẹ̀rù ṣe bà á. Ó sọ bí oúnjẹ ṣe kéré, bí ebi ṣe ń sọ wọ́n di ẹlòmíràn, bí àwọn ọmọ ọkọ̀ ṣe ń bá ara wọn jà. Ọ̀gá ọkọ̀ kò lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò rí i. Ṣáájú rẹ̀, Richard Henry Dana, akẹ́kọ̀ọ́ Harvard tí ojú ń dùn, ti ṣe irú rẹ̀. Ó gba iṣẹ́ bí atukọ̀ lásán nínú ọkọ̀ Pilgrim ní 1834, ó ti Boston lọ sí California, ìwé rẹ̀ Two Years Before the Mast sì jáde ní 1840. Ó rí i tí ọ̀gá ọkọ̀ na àwọn atukọ̀ méjì ní pàṣán, kò gbàgbé. Nígbà tó di lọ́yà, ó ń gba ẹjọ́ àwọn atukọ̀ rò. Ká ní ọ̀gá ọkọ̀ yẹn nìkan ló kọ̀wé nípa ìrìn àjò náà, pàṣán kò ní sí nínú rẹ̀.

N kò sọ pé pàṣán wà nínú ọkọ̀ Tally Ho, ẹ má ṣì mí gbọ́ o! Ohun tí mo ń wí ni pé ìwé ẹni tó há igi ni a kò tíì rí kà. Kí ló rò ní ọjọ́ kejìlá tó ti ń ha pákó kan náà? Ọjọ́ wo ló fẹ́ lọ, kí ló dá a dúró? Nígbà tí wọ́n ń yan àwọn tí yóò wọ ọkọ̀, tí wọn ò yan àwọn kan, báwo ni ilé ṣe rí ní alẹ́ ọjọ́ yẹn? Fíìmù kò lè sọ èyí, nítorí ẹni tó mú kámẹ́rà lọ́wọ́ ni ẹni tó ń yàn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Àríwísí kẹta kéré ṣùgbọ́n ó kàn wá. Òkun nínú fíìmù yìí, gbayawu ló wà. Bó bá wù ọ́, o lọ. Èbúté dé, o sọ̀kalẹ̀, o ra búrẹ́dì. Ẹni tó bá mú ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé tiwa yìí lọ́wọ́ mọ̀ pé etíkun ní géètì. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ pàápàá lè jẹ́ iṣẹ́ lójú àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé. Fún àpẹẹrẹ, ẹni tó wọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú físà àlejò lásán, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni wọ́n fún un láti fi ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, àfi lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àánú tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba sì ni. Ọkọ̀ olówó kan kì í ṣe ẹgbẹ́ àánú. N kò retí kí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì fi gbogbo apá fíìmù ṣàlàyé físà, ṣùgbọ́n kí ọmọ wa tó ń wò ó mọ̀ pé òmìnira tí ojú òun ń rí, ìwé kan wà nínú àpò ẹni tó ń gbádùn rẹ̀.

Mo ti sọ ti ilẹ̀ tó, ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi, torí àtibọ́ láti ìhágigi sí ìfakùn kò rọrùn bí ọmọ náà ṣe rò ó. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá kan ọkọ̀, ó mọ̀ ọ́n ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lásán lọ. Ẹni tó fi òwú dí àárín pákó, tó fi òòlù gbá a wọlé, bó bá gbọ́ tí omi ń dún níbì kan lóru, ó mọ pákó tó ń sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ yẹn kò ṣeé rà. Ṣùgbọ́n ìwà ìdanilẹ́kun yàtọ̀ sí ìwà òkun. Lórí ilẹ̀, àṣìṣe a máa ba igi jẹ́, a sì lè ra igi mìíràn. Lórí omi, ènìyàn ni àṣìṣe ń bá wí. Lórí ilẹ̀, o lè bá ọ̀gá jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Lórí omi, bí ọ̀gá bá ní kí ẹ sọ ìgbòkun kalẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ná, ká tó jiyàn. Àwọn tó jọ ń ṣe ọ̀rẹ́ nídìí igi gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ atukọ̀ àti ọ̀gá, èyí sì lè le fún ẹni tó ti fi oṣù púpọ̀ ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́, tó ń rò nínú ara rẹ̀ pé ọkọ̀ yìí, èmi náà ni mo ni ín díẹ̀.

Mo ṣàkíyèsí pé apá tí wọ́n ti ń tukọ̀ nínú fíìmù náà lẹ́wà ju ti ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò kún tó o, lójú tèmi. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ igi, a rí ọgbọ́n bó ṣe ń di nǹkan lójú wa. Nígbà tí ọkọ̀ ń sáré lórí omi, ọgbọ́n ti wọ inú ọwọ́ àwọn atukọ̀ lọ, ojú kò rí i mọ́; ìgbòkun funfun àti omi búlúù nìkan ló kù fún aláwòran. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí. Ohun tó bá ti bọ́ sípò kì í pariwo.

Àwọn kan máa ń béèrè pé, ọkọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo igi rẹ̀ tán, ṣé Tally Ho ọdún 1910 náà ni? Ìbéèrè àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Gíríìkì ni, Plutarch ti gbé e kalẹ̀ lórí ọkọ̀ Theseus láti ayébáyé. Kò yọ mí lẹ́nu. Ìdílé kì í kú nítorí pé bàbá àgbà kú. Ohun tó wù mí láti béèrè ni èyí: bí igi rẹ̀ bá jẹ́ tuntun, tí orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ ti àtijọ́, ọwọ́ ta ló wà láàárín méjèèjì? Ọwọ́ àwọn tó há igi ni. Bí a bá ń ka àwọn tó ni Tally Ho láti Lord Stalbridge wá, ó yẹ kí wọ́n wà nínú ìwé náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, mo pe ìyá ọmọ padà. Mo ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kó lọ." Ó dákẹ́. Mo ní, "Ṣùgbọ́n ìbéèrè wà tó gbọ́dọ̀ bi wọ́n kó tó di ẹrù. Ta ló ń bọ́ ọ? Níbo lo máa sùn? Bí ayùn bá gé ọ lọ́wọ́, ta ló máa san owó ilé ìwòsàn? Kí ni wọ́n máa kọ́ ọ, ta ni yóò kọ́ ọ? Tí wọ́n bá sọ pé àyè wà nínú ọkọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì dá ọjọ́ sí i. Tí wọ́n bá rojú láti dáhùn, kó má lọ. Tí wọ́n bá dáhùn, kó lọ ọ̀sẹ̀ méjì péré ná, kó padà wá jókòó sílé, kó rò ó." Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n owó ńkọ́?" Mo ní n kò lè dáhùn ìyẹn fún un, òun àti ọmọ rẹ̀ ni yóò jọ rò ó. Bí owó oúnjẹ ilé bá dá lórí ọmọ náà, kó wáṣẹ́ ná. Ọkọ̀ onígi tó ti dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún, yóò dúró dè é sí i.

Mo bá ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ó dáa, ó gbọ́ràn. Mo sọ fún un pé ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: kó ra ìwé akọsílẹ̀ kan, èyí tí omi kò lè tètè bàjẹ́, kó máa kọ ọ́ ní alaalẹ́. Kó kọ ohun tó jẹ, ohun tó há, ẹni tó bá jà, ohun tó bà á lẹ́rù. Kó má wulẹ̀ kọ ọ́ kó dùn. Ó bi mí léèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Bàbá?" Mo ní mo fẹ́ kà á ni.